Eyín Mẹ́ta Péré

Ìgbà kẹta rèé tí wọ́n dá ìwé náà padà fún un. Ọjọ́ Ajé ni, agogo ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán, nígbà tí olùkọ́ ìṣirò dúró níwájú tábìlì rẹ̀ tó sì gbé abala ìwé kan ṣoṣo kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé abọ́ omi tó kún dẹ́nu. Yíǹkì pupa wà lórí rẹ̀. Gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ kò ju "Dín in kù" lọ.

Dín-in-kù náà ni orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ yìí lẹ́yìn. Bí àròkọ bá gùn, á ní kí wọ́n dín in kù. Bí ariwo bá pọ̀, á ní kí wọ́n dín in kù. Àwọn aláwàdà inú kíláàsì máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí bàbá yìí bá kú, lẹ́tà kan péré ni kí wọ́n kọ sórí ibojì rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á jí dìde wá pa ìyókù rẹ́.

Ọmọbìnrin tó ni ìwé náà ní orúkọ àpèjẹ́ tirẹ̀. Kínìdí ni tilé-toko ń pè é, torí láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni "kí nìdí" kì í ti í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọdún tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ girama ló sì wà. Lọ́dún yẹn, dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ àròkọ ìṣirò kan lórí ohun tó bá wù ú. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ kò ní ìwé ẹ̀rí, ó parí.

Ohun tó wu Kínìdí ni ìpín wúrà. Bí a bá dá igi kan sí méjì, tí apá kan gùn tí apá kejì kúrú, tó sì jẹ́ pé bí apá kúkúrú ṣe rí sí apá gígùn náà ni apá gígùn ṣe rí sí odindi igi, a ti pín igi náà ní ìpín wúrà nìyẹn. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1.618, pẹ̀lú ìrù tí kì í tán lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kà nípa rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí i. Àkọlé tó kọ́kọ́ mú lọ ni "Ìpín Wúrà Nínú Gbogbo Ohun Tó Wà Láyé." Wọ́n dá a padà. Ó mú "Ìpín Wúrà Nínú Ìkarahun Ìgbín, Òdòdó, Ilé Àtijọ́ àti Ojú Ènìyàn" lọ. Wọ́n dá a padà. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ báyìí ni "Ìpín Wúrà Nínú Ẹwà."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló kù nínú ẹ̀."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ni mo ní kí o dínkù, àbí nǹkan tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí?" Olùkọ́ fi ìka lé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. "Ẹwà. Orúkọ rẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ tóbi. Ọ̀nà wo lo fẹ́ gbà wọ̀ ọ́, ọ̀nà wo lo fẹ́ gbà jáde?"

Kínìdí fa ìwé náà súnmọ́ ara rẹ̀, olùkọ́ sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Gbogbo ayé ló ti sọ fún mi pé ìpín wúrà wà níbi gbogbo. Nǹkan tó bá wà níbi gbogbo, kò sẹ́ni tó ń wá a. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ, tí o lè sọ tán láì mí lẹ́ẹ̀mejì. Kó jẹ́ ìbéèrè tí ìwọ fúnra ẹ kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀. Ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ìwé àwọn àkọlé á kúrò lọ́wọ́ mi, kò sì ní padà."

Ó lọ sídìí tábìlì mìíràn. Ọ̀rẹ́ Kínìdí tó jókòó tì í ti gba àṣẹ tirẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn: ìṣẹ́jú mélòó ni omi fi ń tán nínú ike tí wọ́n bá dá ihò sí nídìí. Nígbà yẹn, Kínìdí fi ike náà ṣe yẹ̀yẹ́. Báyìí, ì bá fi gbogbo ìkarahun ìgbín ayé pààrọ̀ ike kan tó lu. Èrò yẹn ló gbé délé.

Ilé-iṣẹ́ bàbá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé. Eyín àtọwọ́dá ni bàbá náà ń ṣe. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í la ẹnu ẹnikẹ́ni wò. Obìnrin dókítà eyín tó wà lópòópónà kejì ló máa ń fi àpẹẹrẹ ẹnu àwọn aláìsàn, èyí tí wọ́n ti fi eyín tẹ̀ sára ohun rírọ̀, ránṣẹ́ sí i, òun á wá po sìmẹ́ǹtì funfun, á dà á sínú àpẹẹrẹ náà, á mọ ìda, á to eyín, á dán an títí á fi máa kọ mọ̀nà. Eruku funfun wà lórí ohun gbogbo níbẹ̀, títí kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìyá Kínìdí tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin máa ń sọ pé ọkọ òun ti darúgbó láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ ọ́n, pé tó bá wẹ̀ ló ń padà di ọ̀dọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yìí, àlejò kan wà nínú ilé-iṣẹ́. Ìyá àgbà kan ni, ó wọ kóòtù eérú, ó di nǹkan kékeré kan sínú áńkáṣífù. Kínìdí kúnlẹ̀ kí i, ó sì kọjá lọ sórí àga kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìdán-eyín, ibi tó ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Bàbá rẹ̀ mọ ìyá náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ka ìròyìn lórí rédíò kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyá Oníròyìn ni wọ́n ń pè é.

"Mi ò wá bá yín jà," ni ìyá náà wí. "Ẹ kàn gbọ́ mi." Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi eyín tó wà nínú áńkáṣífù sẹ́nu, ó kọjú sí wọn padà, ó sì fi ohùn iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ sọ pé, "Afẹ́fẹ́ yóò máa fẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láti ìhà ìlà-oòrùn."

Afẹ́fẹ́ náà fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ àárín eyín ìyá ló ti fẹ́ wá. Gbogbo "fẹ́" tó wà nínú gbólóhùn náà ló súfèé.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá náà bọ́ eyín rẹ̀, ó nu ẹnu. "Ilé iṣẹ́ rédíò ní kí àwa àgbà wá ka ìròyìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́ẹ̀kan péré, kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè gbọ́ bí a ṣe ń kà á. Mo ti sọ pé màá wá. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé ọmọ ọmọ mi wò mí lójú, ó ní, 'Màmá àgbà, eyín ta lẹ wọ̀ yìí?'"

"Mà, ìwé tí dókítà kọ ni mo tẹ̀ lé," ni bàbá Kínìdí wí. Ó mú bébà kan lára ìṣó ara ògiri, ó kà á: "'Kí eyín iwájú òkè tẹ̀ lé ìpín wúrà.' Bí wọ́n ṣe ní kó rí náà ni mo ṣe é. Kò yẹ̀ ní bíńtín."

"Mo gbà pé kò yẹ̀," ni ìyá náà wí. "Bóyá ohun tó ń ṣe é gan-an nìyẹn."

Ó fi eyín náà sílẹ̀, ó tún fi fọ́tò kan tì í, níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tó wà lọ́mọ ogójì ọdún, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó jáde tán, bàbá Kínìdí jókòó, ó di eyín náà mú bí ẹni di ẹyin mú. Dókítà eyín yẹn ló ń fún un níṣẹ́ jù lọ. Láti ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti jọ ń ṣe pọ̀, bàbá náà kò tíì sọ fún dókítà rí pé ìwé rẹ̀ kò dáa.

"Bàbá," ni Kínìdí wí, "ṣé lóòótọ́ ni eyín èèyàn ń tẹ̀ lé ìpín wúrà?"

"Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀." Ó fa dúrọ́ọ̀ sílẹ̀, ó yọ ike pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fa ìlà sí. "Tí èèyàn bá rẹ́rìn-ín, tí o sì wò ó láti iwájú gangan, eyín àkọ́kọ́ láti àárín á fẹ̀ ju ìkejì lọ ní ìlọ́po 1.618. Ìkejì á sì fẹ̀ ju ìkẹta, oníṣóńṣó yẹn, lọ bẹ́ẹ̀ náà. Ìlà tó wà lára ike yìí nìyẹn. A kàn máa ń to eyín sí i ni."

"Ta ló wọn ẹnu àwọn èèyàn kó tó sọ bẹ́ẹ̀?"

Bàbá náà wo ike ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. "Mi ò béèrè rí," ó ní.

Kínìdí gbójú sókè wo pẹpẹ. Ẹnu tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì funfun ṣe ló tò lọ bẹẹrẹ síbẹ̀, nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn. Nígbà yẹn ni nǹkan kan dún nínú rẹ̀. Kì í ṣe ayọ̀ o. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ń rì sómi bá fẹsẹ̀ kan nǹkan, tí kò sì tíì mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni àbí òkú igi.

Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nínú gbogbo ẹnu tó wà lórí pẹpẹ, mẹ́tàlélógún ló jẹ́ ti ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ pé, tó jẹ́ pé eyín ẹ̀yìn tàbí ìjẹyín lójú oorun ló gbé e wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bó ṣe dé láti iléèwé, ó mú irin ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì, ó sì wọn eyín mẹ́ta mẹ́ta lára ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ó kọ nọ́ńbà mọ́kàndínláàádọ́rin sílẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wá yẹ ìwé náà wò lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó mi orí.

"O tẹ irin náà mọ́ ojú eyín. Ẹnu máa ń tẹ̀ bí ọrun, kì í ṣe ògiri. Bí ojú ṣe ń rí i láti iwájú ni kí o ṣe wọ̀n ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eyín kẹta á máa fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ."

Odindi ọjọ́ kan ti ṣòfò. Kínìdí jókòó sórí àga kékeré. Ó ka ọjọ́ lórí ìka bí ẹni pé iye rẹ̀ lè yí padà: Ọjọ́rú rèé, Ọjọ́bọ̀ lọ́la, ọjọ́ Ẹtì lọ́tùnla. Bàbá rẹ̀ gbé tábìlì kan súnmọ́ fèrèsé, ó fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu àkọ́kọ́, ó sì fi fóònù rẹ̀ sórí ìdúró kan níwájú rẹ̀ gangan. Wọ́n ya fọ́tò mẹ́tàlélógún kí oòrùn tó wọ̀, láìsọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ sí ara wọn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Kínìdí wọn àwọn fọ́tò náà tán, ó ṣe ìṣirò rẹ̀. Kò tíì ṣírò ẹnu kẹrin tán tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Eyín àkọ́kọ́ sí ìkejì: 1.39, 1.44, 1.36, 1.47. Ìkejì sí ìkẹta tún burú jù ú: 1.24, 1.30, 1.22. Nínú mẹ́tàlélógún, méjì péré ló súnmọ́ 1.6 nínú ìpín àkọ́kọ́, kò sì sí ọ̀kankan nínú méjèèjì tó súnmọ́ ọn nínú ìkejì. Àkọlé tó rò pé òun ti rí ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ló máa sọ lọ́la? Pé òun wá wúrà títí, òun ò rí?

Ó wo ẹnu kẹsàn-án. 8.4 mìlímítà, 5.9, 4.6. Bí 5.9 yìí bá jẹ́ 5.2, á di 1.615. Ta ló máa mọ̀? Ó fa ìlà tín-ín-rín kọjá lórí 5.9, ó kọ 5.2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò ó. Ó rọrùn ju bó ṣe rò lọ, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á.

"Ìwọ yìí," ni bàbá rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. "Ṣé o mọ ẹni tó ni ẹnu kẹsàn-án?"

"Rárá sà."

"Ìyá ẹ ni. Ó ń jẹyín lójú oorun lọ́dún tó kọjá, mo ṣe ike tó fi ń bo eyín fún un. Eyín ìyá ẹ lo gé báyìí."

Ojú ti Kínìdí débi pé kò lè gbórí sókè. Ó ń retí ìbáwí, àmọ́ bàbá náà fa àga, ó jókòó tì í.

"Mi ò lẹ́nu láti bá ẹ wí," ó ní. "Nígbà tí mo ń to eyín Ìyá Oníròyìn, mo ti mọ̀ pé ìkejì ti tín-ín-rín jù. Ọwọ́ mi sọ fún mi. Mo wo ìwé dókítà, mo sì tò ó bẹ́ẹ̀. Mo ní ta ni èmi."

Ó dìde, ó mú fóònù. Kínìdí ń wo ìka rẹ̀ bó ṣe ń tẹ nọ́ńbà náà tó sì ń ṣì í tẹ̀. Nígbà tí dókítà dáhùn, bàbá rẹ̀ kí i, ó bi í nípa àwọn ọmọ, ó tún kí i, bí ẹni ń yí kànga ká tí kò fẹ́ bẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́: eyín Ìyá Oníròyìn kò dáa, ìpín wúrà tí wọ́n kọ ló fà á, òun sì fẹ́ tún un ṣe láti inú fọ́tò ìyá náà. "Ọmọ mi wọn ẹnu mẹ́tàlélógún. Kò sí ẹyọ kan tó rí bẹ́ẹ̀, mà."

Bàbá náà mú fóònù kúrò létí, ó wò ó bóyá ó ti kú. Lẹ́yìn náà ni dókítà sọ nǹkan kan tí Kínìdí kò gbọ́, bàbá rẹ̀ sì ní, "Ó dáa, mà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta." Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Ó ń bọ̀ wá wò ó," ó ní. "Mi ò mọ̀ bóyá ó bínú."

Kínìdí pa 5.2 rẹ́, ó kọ 5.9 padà.

Agogo méjìlá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Ẹtì ló tó rí Dín-in-kù nínú yàrá àwọn olùkọ́, torí ọwọ́ olùkọ́ náà ti dí láti àárọ̀. Fáìlì aláwọ̀ ewé wà níwájú rẹ̀, orúkọ gbogbo kíláàsì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àkọlé wọn. Àyè kan péré ló ṣófo. Kínìdí rí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé eyín iwájú ènìyàn tẹ̀ lé ìpín wúrà?" ó kà á jáde láti inú ìwé rẹ̀. "Mo mọ̀ pé kò dáa, sà. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ rárá. Gbogbo ẹ̀ ló já sí asán."

Olùkọ́ na ọwọ́ gba ìwé ìwọ̀n náà. Ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó dúró díẹ̀ lórí ẹnu kẹsàn-án, níbi tí bébà ti bó nítorí ìparẹ́, ó sì fi ìka kàn án.

"Ta ló sọ fún ẹ pé rárá kì í ṣe ìdáhùn?" ó ní. "Àmọ́ eyín ènìyàn, o ní? Ṣé o ti wọn tèmi?"

"Rárá sà. Ẹnu mẹ́tàlélógún láti ilé-iṣẹ́ kan."

"Sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìkejì: téélọ̀ náà ń wọn nǹkan. Níbo ni ìṣirò wà?"

Kínìdí mú bírò lórí tábìlì láì tọrọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ torí kò lè sọ ọ́. Bí ìpín àkọ́kọ́ sí ìkejì bá dọ́gba pẹ̀lú ìpín ìkejì sí ìkẹta, ìyẹn nìkan kò tó. Nọ́ńbà yòówù lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àfi tí ìkejì àti ìkẹta bá tún para pọ̀ di àkọ́kọ́. Bí òfin méjèèjì bá pé, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù tó lè gbà á, òun sì ni 1.618. Bí ọ̀kan bá já, wúrà ti lọ nìyẹn.

Ó dáwọ́ dúró. Ó tún wo ẹnu kẹsàn-án: 5.9 àti 4.6, wọ́n di 10.5. Eyín àkọ́kọ́ kò ju 8.4 lọ. Òfin kejì ti já jìnnà. Ti àkọ́kọ́ ńkọ́? 1.42 àti 1.28. Òun náà já, àmọ́ kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

"Sà," ó ní, "wọn ò já bákan náà."

"Ẹn-ẹ́n." Dín-in-kù fa ìwé náà súnmọ́ ara rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ebi ń pa. "Èwo ló ń já jù? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú gbogbo wọn?"

"Mi ò mọ̀ sà. Mi ò tíì ṣírò ìyẹn."

"O ò mọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wá sọ ọ́ fún mi, láì mí lẹ́ẹ̀mejì."

Kínìdí fa èémí sínú. "Nínú àwòṣe ẹnu mẹ́tàlélógún, èwo ni eyín mẹ́ta iwájú ń rú jù nínú òfin méjì tó ń bí ìpín wúrà: pé kí ìpín dọ́gba, àbí kí kékeré méjì para pọ̀ di ńlá?"

Èémí rẹ̀ tán ní "ńlá" gan-an. Olùkọ́ ronú, ó gbé bírò rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì kọ ọ́ sínú àyè tó ṣófo. Lẹ́tà rẹ̀ kéré gan-an kó tó lè gbà á. Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ìkarahun ìgbín ńkọ́, sà? Ṣé mi ò lè fi ojú ewé kan ṣe é?"

"Kò sí ìgbín níbẹ̀," ni Dín-in-kù wí, ó sì pa fáìlì dé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, dókítà eyín wá, kò rẹ́rìn-ín. Ó bá Ìyá Oníròyìn níbẹ̀. Ó wo fọ́tò, ó wo eyín, ó gba ìwé ìwọ̀n Kínìdí kà lórí ìdúró. Ó ní òun ti ń kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé láti ilé ẹ̀kọ́ wá. Kò tọrọ àforíjì, kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí wọ́n tún un ṣe. Bàbá Kínìdí mú kí eyín kejì fẹ̀ sí i, ó sì jẹ́ kí ó gùn lé àkọ́kọ́ díẹ̀ bó ṣe wà nínú fọ́tò. Nígbà tí ìyá náà ka ìròyìn lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n jókòó yí rédíò ká nínú eruku funfun, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Kínìdí, bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́fà ni. Bàbá Kínìdí kò mí dáadáa títí ìyá náà fi kà á tán láìsí súfèé kankan.

Kínìdí fi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kọ àròkọ náà. Òfin kejì ló já jù, nínú gbogbo ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún. Òfin àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró nínú méje. Ó fi oṣù méjì retí èsì, kò sì jẹun dáadáa. Máàkì mọ́kàndínlógún nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fún un. Alákòóso ìdánwò tí kò rí rí kọ ọ̀rọ̀ kan sísàlẹ̀: bí rúlà inú fọ́tò bá yẹ̀ díẹ̀, ṣé méje yẹn á ṣì jẹ́ méje? Kínìdí kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú kọ́kọ́ bí i. Nígbà tó yá, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́, ó sì ní kí bàbá rẹ̀ bá òun gbé ẹnu kẹsàn-án sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kí wọ́n lè tún fọ́tò rẹ̀ yà.